Bí mo ṣe kọ́ Tanímọ̀la pé kó máa wá tí n bá pè é, láìlo pàṣán

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣèlérí fún àwọn kan pé tí iṣẹ́ yìí bá ti dúró dáadáa máa kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọn tó ń rí kọ́là onírìmóòtù (bẹ́líìtì ọrùn tó máa ń fi iná bátìrì díẹ̀ kan ajá lára tí èèyàn bá tẹ rìmóòtù) tó wà lọ́rùn ajá mi láàárọ̀ kì í yé bi mí ní ìbéèrè, ẹlòmíì tiẹ̀ rò pé mò ń fi iná NẸ́PÀ gbá ajá ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tanke ni mò ń gbé níbí ní Ìlọrin, àmọ́ ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Tanímọ̀la lorúkọ ajá mi, Táni la ń pè é nínú ilé, àdàlù ajá ìbílẹ̀ àti Alsatian ni, ó sì jẹ́ ọmọ oṣù 14 nígbà tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀. Ajá dáadáa ni, ó ń ṣọ́lé, kì í bu ọmọdé jẹ. Ewúrẹ́ nìkan ni ìṣòro ẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé ewúrẹ́ ló ni títì níbẹ̀, wọ́n á sùn sáàárín ọ̀nà, wọ́n á wọlé onílé tí géètì bá ṣí díẹ̀. Tí Táni bá ti rí ìkan tó ń sá, ó parí nìyẹn, èèyàn lè pè é títí tí ohùn á fi há, kò ní wẹ̀yìn. Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹwàá, ó lé ewúrẹ́ ìyá kan wọ inú gọ́tà, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ yẹn dá, mo sanwó ẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ó tún sá gba iwájú ọlọ́kadà kan kọjá, ọ̀kadà ya, ọkùnrin yẹn ṣubú, ojúgun ẹ̀ bó. Ara mi gbọ̀n títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, torí mo mọ̀ pé ẹ̀mí ló fẹ́ẹ́ bọ́ síbẹ̀, ti èèyàn tàbí ti ajá.

Ẹnì kan wá júwe ẹni tó ń kọ́ ajá fún mi, mo gbé Táni fún un pé kó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ kẹrin ni mo yọjú síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kòbókò ni mo bá lọ́wọ́ ẹ̀. Á pe ajá, tí ajá ò bá wá á lọ bá a níbi tó dúró sí á nà án. Ẹ wo ohun tí ajá á rí kọ́ níbẹ̀ o, pé tí wọ́n bá ti pe orúkọ ẹ̀, ìyà ló ń bọ̀! Mo mú un kúrò lọ́jọ́ yẹn, mi ò béèrè owó mi. Nígbà tó délé, tí mo bá na ọwọ́ láti fi pa á lórí, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́lẹ̀ tá á máa gbọ̀n. Omi bọ́ lójú mi. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyẹn tó kúrò lára ẹ̀, láàárín ìgbà yẹn mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan, oúnjẹ àti eré nìkan.

Mo ti gbọ́ nípa kọ́là onírìmóòtù tẹ́lẹ̀, ohun tí mo sì gbọ́ ò dáa. Àwọn ọdẹ ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún ajá wọn ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960, tayé àtijọ́ yẹn sì le gan-an, fún ìyà ni wọ́n ṣe é. Títí dòní àwọn dókítà ẹranko púpọ̀ ni ò fẹ́ ẹ rárá, ní Wales wọ́n ti fòfin dè é láti 2010, Jámánì náà ò gbà á láàyè. Mo ka gbogbo ìyẹn kí n tó rà á, mo sì gbà pé wọ́n ní ìdí, torí ohun tí èèyàn lè fi dá ajá lóró láti ọ̀nà jíjìn láìdìde lórí ìjókòó, ewu ńlá ni lọ́wọ́ ẹni tínú ń bí. Ohun tó yí ọkàn mi padà ni pé tòde òní ní nọ́ńbà, tèmi ń lọ láti 0 dé 100, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò sì máa ń lo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti dà bí ìgbà téèyàn fi ìka kan ẹlòmíì léjìká pé "jọ̀ọ́, gbọ́." Ó jọ ẹ̀rọ tí àwọn físíò máa ń lẹ̀ mọ́ orúnkún àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ìyá mi ti lò ó rí, wọ́n ní ṣe ló ń rìn wọ́n lára.

Kí kọ́là tó dé láti Èkó, mo pe bàbá mi kékeré ní Òmù-Àrán, ọdẹ ni wọ́n, ajá wọn ń wọgbó lọ, ó sì ń gbọ́ fèrè padà. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Mo ní, "Bàbá, ta ló kọ́ ajá ọ̀hún ní fèrè?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní láti kékeré, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, fèrè ni wọ́n á kọ́kọ́ fọn, lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá sì pa ẹran nínú igbó, wọ́n á gé ti ajá fún un lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kó ìyókù sápò. Ajá yẹn mọ̀ pé fèrè lérè. Táni ò ní irú ẹ̀ rárá, "máa bọ̀" tí mò ń pariwo lójú títì yẹn, ariwo lásán ni létí ẹ̀, èmi ni mi ò kọ́ ọ. Ìpè yẹn ló la ojú mi jùlọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ju gbogbo fídíò tí mo fi data wò lọ.

Torí náà nígbà tí kọ́là dé, mi ò lò ó. Mo kọ́kọ́ gbé Táni lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n wo ọrùn àti ọkàn ẹ̀, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi torí àsìkò ẹ̀ ti tó. (Ẹni tí ajá ẹ̀ ò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán èyí wò, ẹni tí ajá ẹ̀ sì ń fi ìbẹ̀rù bu èèyàn jẹ, ẹ má fi kọ́là kàn án, á tún burú sí i ni.) Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kọ́là wà lọ́rùn ẹ̀ láìtàn. Àárọ̀ mo wọ̀ ọ́ fún un, ọ̀sán mo bọ́ ọ, kó lè di nǹkan yẹpẹrẹ lójú ẹ̀, torí tí ajá bá fi lè mọ̀ pé kọ́là yìí ló ń ṣe é, kìkì ìgbà tó bá wọ̀ ọ́ ni yóò máa gbọ́ràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni mo fi okùn mítà mẹ́wàá àti wàrà kọ́ ọ ní "máa bọ̀." Wàrà tó rọ̀, tí wọn ò tíì dín, mo ra lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní tó ń kiri, mo gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná. Máa pè é, máa fa okùn díẹ̀ lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, tó bá ti yíjú sí mi okùn á dẹ̀, tó bá dé ọ̀dọ̀ mi ó di wàrà. Ní ọjọ́ kẹwàá, kí n tó pe "bọ̀" tán ó ti ń ju ìrù bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ó wá kan nọ́ńbà. Ara èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ dán an wò, mo fi irin kékeré méjì tó wà nínú kọ́là, tí iná ń gbà jáde, mọ́ inú apá. Láti 1 dé 7 mi ò gbọ́ nǹkan kan, ní 9 ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn, ní 20 iṣan apá mi fò díẹ̀, mo bá dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò bá lè fi sára ara ẹ̀, kò yẹ kó fi sọ́rùn ẹranko. Lẹ́yìn náà mo so ó mọ́ Táni, lókè ọrùn lábẹ́ àgbọ̀n, kó fún débi tí ìka kan á ṣì wọ abẹ́ ẹ̀, kí irin yẹn kan awọ ara, kì í ṣe irun. Ọyẹ́ ti dé nígbà yẹn, awọ ara gbẹ, irun ẹ̀ sì pọ̀ nítorí Alsatian tó wà nínú ẹ̀, kódà mo ní láti pààrọ̀ irin kúkurú sí gígùn. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù. Tí irin ò bá kan ara, ẹ máa rò pé ajá ò gbọ́ ni, ẹ óò máa gbé nọ́ńbà lọ sókè, ọjọ́ tí kọ́là bá wá rìn díẹ̀ kó kan awọ, ajá á ké. Torí náà, bó ṣe wà lọ́rùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà. Tí ara ajá bá tutù tàbí òjò pa á, ẹ tún wá nọ́ńbà láti ìsàlẹ̀, torí omi máa ń jẹ́ kó le sí i.

A jókòó sínú kọ́ńpáǹdì lásìkò tí ò sí ariwo, ó ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri, mo bẹ̀rẹ̀ láti 0, mò ń gbé e lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. 3, kò sí nǹkan. 5, kò sí nǹkan. Ní 6 etí ẹ̀ òsì mì lẹ́ẹ̀kan, ó wolẹ̀ bí ẹni pé kòkòrò kan fò kọjá, ó padà sídìí ohun tó ń gbóòórùn. Mo tún un ṣe, etí yẹn tún mì. Ibẹ̀ náà ni mo dúró. Kò ké, kò sá, ìrù ẹ̀ ò wọ ìdí. Ẹ̀yin tó ń retí kí ajá fò sókè kẹ́ ẹ tó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ nìyẹn. Rìmóòtù tún ní bọ́tìnì tó máa ń mú kọ́là gbọ̀n bíi fóònù, àwọn èèyàn rò pé ìyẹn ló rọ̀ jù, àmọ́ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ Táni ta gìrì ju bó ṣe ṣe sí èyíkéyìí lọ, mi ò tún tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn èyí mo wá fi so mọ́ okùn. Mo pe "máa bọ̀," mò ń tẹ bọ́tìnì ní 6 léraléra, mò ń fa okùn jẹ́jẹ́, bí orí ẹ̀ bá ti yí sọ́dọ̀ mi báyìí, àní kó tó gbẹ́sẹ̀, ìka mi á ti kúrò lórí bọ́tìnì. Ìka tó kúrò yẹn ni ẹ̀kọ́ náà. Ajá á wá mọ̀ pé òun fúnra òun lòun lè dá èèrà yẹn dúró, kí òun ṣáà ti yíjú sọ́dọ̀ olówó òun.

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń lọ dáadáa, lọ́jọ́ karùn-ún mo bà á jẹ́. Ìpè kan wọlé sórí fóònù mi, mo ń wo ẹni tó ń pè, ojú mi ò sí lára ajá, ó ti yí, ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ìka mi ṣì wà lórí bọ́tìnì. Ó dúró ní nǹkan bí mítà mẹ́ta sí mi, ó wò mí, ó dùbúlẹ̀. Mo pè é, kò dìde. Nọ́ńbà 6 náà ni o, kò dùn ún, àmọ́ ó dàrú mọ́ ọn lójú, ó ṣe ohun tó yẹ, èèrà náà ò sì lọ. Mo mọ ojú tó fi wò mí yẹn, ojú tó gbé bọ̀ láti ilé kòbókò ni. Mo bọ́ kọ́là kúrò fún ọjọ́ mẹ́ta, a padà sí okùn àti wàrà nìkan, mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. Láti ọjọ́ yẹn, inú ilé ni fóònù ń wà tí mo bá mú rìmóòtù dání. Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́, kò tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Álífà kan wà nílé kejì wa, ẹni ọ̀wọ̀ ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ kí ajá súnmọ́ wọn nítorí itọ́ ẹ̀ àti àlùwàlá. Àárọ̀ kan wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n wo gbogbo ohun tí à ń ṣe. Nígbà tí a parí mo kí wọn, wọ́n ní, "Ó ń gbọ́ ọ báyìí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Álífà. Wọ́n ní ajá tí wọ́n kọ́ wà nínú Àlùkùránì, Súrà Al-Mā'idah, aáyà 4, pé èyí tí wọ́n kọ́ ní ọdẹ, ohun tó bá mú fún olówó ẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ láti jẹ. "Èyí tí wọn ò kọ́ ńkọ́?" ni wọ́n fi parí ẹ̀, wọ́n wọlé lọ. Inú mi dùn gan-an, torí mo ti rò pé ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ rò.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló kù. Mi ò sáré mú un lọ síbẹ̀, mo wá ilẹ̀ kan tí wọn ò tíì kọ́lé sí, tí ewúrẹ́ ti ń jẹko, a dúró jìnnà tó mítà 40, okùn wà lọ́rùn ẹ̀. Ní 6 kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń kàn án, gbogbo ọkàn ẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Mo gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ní 11 etí yẹn mì, ó yíjú, mo tú ìka, ó sáré wá gba wàrà. Tí a bá padà sílé, ó di 6 padà, torí nínú ilé 11 á pọ̀ jù fún un. Díẹ̀díẹ̀ la súnmọ́ wọn, ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó dé mítà mẹ́wàá. Ní alẹ́ mo máa ń bọ́ kọ́là, mo máa ń wo abẹ́ ẹ̀ bóyá awọ ń pọ́n, tó bá sì pẹ́ lọ́rùn láàárọ̀ mo máa ń yí i kúrò lójú kan, torí irin tó bá wà lójú kan náà fún wákàtí púpọ̀ máa ń dá egbò.

Sátidé kan nínú oṣù kejì, a ń bọ̀ láti ibi tí a ti rìn, okùn ò sí lọ́rùn ẹ̀ mọ́, rìmóòtù wà nínú àpò mi. Ewúrẹ́ dúdú kan fò jáde láti inú gọ́tà, ó gba iwájú wa kọjá, kẹ̀kẹ́ Marúwá kan sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eré. Táni ti gbéra. Mo pe "Táni, máa bọ̀!" Ọwọ́ mi ò tíì dénú àpò. Ó dúró gbagidi létí títì, etí òsì yẹn mì, ó yí padà, ó sáré wá jókòó lẹ́sẹ̀ mi. Marúwá kọjá. Mo kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, mo kó gbogbo wàrà tó kù nínú ọ̀rá fún un.

Ìyá tó ni ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ dídá ọjọ́sí jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n rí gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Ajá ọjọ́sí náà nìyí?"

Mo ní, "Òun náà ni, Àlájà."

Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n mú omi fún un nínú kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.