Bẹ́ ẹ ṣe lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ tó dénú, tí ò ní parí sí "a dúpẹ́"

Àwa Ìjẹ̀bú mọ èèyàn kí gan-an. Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, "a dúpẹ́", ó tán, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Ẹ lè kí ẹnì kan báyìí fún ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ má mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Àkọ́kọ́, ẹ wá nǹkan tẹ́ ẹ jọ máa fọwọ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà ní Òdógbólú, tí mo bá lọ kí wọn ní páálọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún lọ̀rọ̀ wa ń gbà. Ọjọ́ kan mo bá wọn ní kíṣìnì tí wọ́n ń bẹ ewùrà tí wọ́n fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́, mo bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, nígbà tó wá kan rírin ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi epo pa á. Ibẹ̀ ni mo ti bi wọ́n pé, "Màmá, ta ló kọ́ yín ní ìkọ́kọrẹ́?"

Wọ́n dákẹ́.

Ìkejì nìyẹn, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ẹ má sáré sọ pé "ẹ fi sílẹ̀ mà" kẹ́ ẹ wá yí ọ̀rọ̀ padà, torí ẹni tó dákẹ́ ń wá ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ni. Mò ń rin ewùrà mi lọ. Nígbà tó yá wọ́n ní ìyá ọkọ àwọn ni, pé ìyá yẹn ò kọ́kọ́ fẹ́ràn àwọn rárá, àfi ọjọ́ tí ìkọ́kọrẹ́ àwọn dùn, ló bá wọ yàrá lọ gbé abọ́ tánńganran kan jáde, ó gbé e fún wọn, kò sọ nǹkan kan.

Ìkẹta, inú ìdáhùn ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ ti mú ìbéèrè tó kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "tèmi tiẹ̀ tún le jùyẹn lọ", ọ̀pọ̀ wa la ń ṣe é, a ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onítọ̀hún nìyẹn. Ẹ kàn bi í pé, "báwo ló ṣe wá rí lára yín?" Tó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ fi "tí ò bá ní bí yín nínú mà" ṣáájú. Kẹ́ ẹ sì da fóònù dojú bolẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ padà síbẹ̀, ibi tó ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Ẹ wo Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, regbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tọ́jọ́ orí wọn súnmọ́ra, wọ aṣọ kan náà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn, ó di Iléyá ọdún tó ń bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ pe ẹni yẹn, kẹ́ ẹ sì béèrè nǹkan tó fẹnu ara ẹ̀ sọ. Ọjọ́ kẹfà ni mo pe Màmá, mo ní, "abọ́ yẹn ńkọ́ mà, ṣé ó ṣì wà?" Wọ́n ní kí n dúró, kí n má gé fóònù, mo bá ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.