Bí Ìṣó Bá Gún Ẹsẹ̀ Lóko: Iṣẹ́ Ara, àti Iṣẹ́ Tiwa

Àgbẹ̀ tí ìṣó inú pákó àtijọ́ bá la sálúbàtà rẹ̀ kọjá, tó sì gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀, yóò ti gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí ó tó ké "Yéè!" Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kò dúró de àṣẹ ọpọlọ: inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti jíṣẹ́, ibẹ̀ náà ni èsì sì ti padà. Ẹran ẹ̀yìn itan á súnkì láti ká orúnkún, ti iwájú itan á dẹ̀ kí ó má baà dí i lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kejì á sì le gbandi láti gbé gbogbo ara ró. Ẹ fi í sọ́kàn pé ẹran kan ní láti dẹ̀ kí èkejì tó lè fà dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àrùn ipá (tetanus), tí ìwé yìí dá lé lórí, ti ń bá ara jà.

Kí onítọ̀hún tó délé, ẹ̀jẹ̀ á ti dì, á sì ti dí ojú ihò náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wá síbẹ̀ láti gbé kòkòrò àrùn mì. Ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń wú, tó ń pọ́n, tó sì ń gbóná, òkú àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ló sì pọ̀ nínú ọyún tí a ń rí. Ara tún máa ń rántí ọ̀tá rẹ̀: ẹni tí èéyi bá ti ṣe rí, kì í sábà ṣe é mọ́.

Ti àrùn ipá yàtọ̀. Inú erùpẹ̀ àti imí ẹran ọ̀sìn ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Kò fẹ́ atẹ́gùn, nítorí náà ihò ìṣó tó jìn, tí ojú rẹ̀ ti pa dé, tẹ́ ẹ lọ́rùn ju ọgbẹ́ gbàràmù lọ. Oró tó ń tú jáde níbẹ̀ á gba inú iṣan gòkè dé ọ̀pá ẹ̀yìn, á sì dí ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ tí a fi ń rán ẹran ara pé kí ó dẹ̀. Gbogbo ẹran ara á wá máa fà pọ̀: ẹnu kò ní ṣeé là, ọrùn á le, ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun. Láàárín ọjọ́ 3 sí 21 ni èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọgbẹ́ lè ti jinná. Oró náà kéré débi pé ara kì í fi í kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá yè é tún lè ní in. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló ń kọ́ ara bí yóò ṣe kojú rẹ̀.

Ẹ fi omi mímọ́ tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí erùpẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Òótọ́ ni pé ewé akíntọ́lá máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àwọn bàbá wa kò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dá ipá dúró, ọwọ́ eléèpẹ̀ tí a fi rún un sì lè gbé kòkòrò náà wọlé. Ẹ má ṣe fi eérú, imí màlúù tàbí kẹrosíìnì sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí kò bá dùn yín mọ́. Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ń le, ẹ má ṣe rọ àgbo sí i lẹ́nu, nítorí ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ọmọ tuntun ni ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ fún jù, nítorí abẹ ìdọ̀tí tí a fi gé ìwọ́ rẹ̀ tó láti kó ipá ràn án. Abẹ́rẹ́ tí ìyá gbà nínú oyún máa ń dé ara ọmọ, á sì ṣọ́ ọ títí yóò fi gba tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Àgbàlagbà tó ti gba iye tó pé náà yẹ kí ó tún un gbà lẹ́yìn ọdún 10. Ẹ tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára síbi tí ará ilé mọ̀, torí ọjọ́ tí a gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn ni nọ́ọ̀sì máa bèèrè bí ẹ bá gbé ọgbẹ́ dé.