Pọ́n-ùn 58 tí ìkòkò òdòdó jẹ mí nígbà òtútù

Pọ́n-ùn 58 ni mo ná níparí oṣù September ọdún tó kọjá sórí ìkòkò òdòdó méjì tí mo fẹ́ gbé sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Manchester. Kí Kérésìmesì tó dé, ọ̀kan ti jẹrà, èkejì ń wò mí bí ajẹgbèsè tí kò ní san. Mo ti tún un ṣe lọ́dún yìí, ó sì dára débi pé ẹni tó ń pín lẹ́tà dúró wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán ná.

Cyclamen ló kọ́kọ́ gba owó mi. Ilé ìtajà ńlá kan tò wọ́n sí ibi tó móoru nínú ilé, òdòdó ńláńlá, pupa fòò, funfun báláú. Mo ra mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Cyclamen persicum nìyẹn, òdòdó inú ilé. Òru kan ṣoṣo tí ìrì dì ti tó. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n ti rọ jọwọrọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Èyí tó lè sùn síta ni Cyclamen coum. Òdòdó tiẹ̀ kéré, mo sì kọjá lára rẹ̀ lórí àtẹ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Skimmia ló fojú mi rí nǹkan. Nínú àwòrán tí mo rí, igi kékeré náà so èso pupa rìbìtì-rìbìtì. Mo ra ọ̀kan ní pọ́n-ùn 14. Ó ti rudi pupa nígbà tí mo gbé e délé, mo wá ní èso ò ní pẹ́ dé. October lọ, November lọ. Kò là, kò so, kò rẹ̀. Mo fún un ní ajílẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ní ó kù kí n máa kọrin fún un.

Mo gbé e padà sí ọgbà tí mo ti rà á, tèmi ti rìsíìtì. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n lọ sí káńtà. Káńtà ní kí n dúró de ọ̀gá. Ọ̀gá ò sí, kí n padà wá ní Tuesday. Mo tún gbé ìkòkò wọ bọ́ọ̀sì ní Tuesday, mo gbé e lé ẹsẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ilẹ̀ ń dà sí mi láṣọ. Ọ̀gá wo orúkọ tí wọ́n kọ sára igi náà, ‘Rubella’, ó ní akọ ni, akọ kì í so. Ó parí. Wọn ò dá owó mi padà, wọ́n ní igi ò ní àléébù kankan.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ Ìlá ni mí. Ta ni ò mọ ìbẹ́pẹ akọ? Ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó ń tanná lọ́dọọdún tí kò so rí, tí bàbá mi ń fi àdá halẹ̀ mọ́ ọn. Èmi yìí náà ni mo wá ń bẹ akọ skimmia pé kó so! Ẹni tó bá fẹ́ èso, kó béèrè Skimmia reevesiana, òun ń so láìsí akọ nítòsí.

Bí wọ́n ṣe ń da ilẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ mọ̀ ọ́n. Kìkì pé kí ẹ yí ìdí ìkòkò wò. Ti ike tí mo rà, ńṣe ni wọ́n fàmì sí ibi ihò, wọn ò lu ú, omi òjò Manchester wá kún un bí àmù.

Mi ò kì í ra ohun tí kò tó H4 mọ́. Àjọ Royal Horticultural Society ló ní òǹkà yẹn, láti H1 dé H7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni òtútù tí òdòdó lè fara dà ṣe pọ̀ tó. Bí mi ò bá rí nọ́ńbà, màá béèrè pé, ṣé èyí lè sùn síta?

Rubella ọ̀hún náà ló wà láàárín ìkòkò báyìí. Inú ṣì ń bí mi sí i, ṣùgbọ́n ìrudi pupa yẹn ò kúrò títí ìgbà òtútù fi parí. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ ericaceous sára àpò rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tó ní èròjà kíkan, ló fẹ́. Òdòdó kékeré tó ń jẹ́ viola ni mo fi yí i ká, torí ó ń fara da òjò ju pansy tó jọ ọ́ lọ, ewé ivy sì ń wọ́ létí. Mo kì wọ́n mọ́ra gan-an. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà nígbà òtútù, àyè tí ẹ bá fi sílẹ̀, òun lẹ ó máa wò títí di March.

Nínú ìkòkò kejì, kábéèjì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń gbìn fún ìran ni mo fi sí i. Bí òtútù bá ṣe ń mú un ni àwọ̀ rẹ̀ ń mọ́ sí i. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa wò ó títí.

“Ìyàwó, ìgbà wo la máa sè é?”

Mo ní, “Mà, wíwò ni.”

Wọ́n ní eélòó ni mo rà á. Mo ní ẹ jẹ́ ká wọlé, òtútù ti pọ̀ jù níta.