Bí a ṣe ń dá akọ ẹja àrọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí abo

Ẹni tí ó bá fẹ́ máa fúnra rẹ̀ pa ẹyin àrọ̀ ní Òṣogbo, dípò kí ó máa ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo láìṣiyèméjì. Abo ṣeé fún ẹyin jáde nínú rẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n àtọ̀ akọ kì í ṣeé fún jáde. Pípa ni a sábà máa ń pa á, tí a ó la inú rẹ̀, tí a ó sì yọ àpò àtọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì la abo ẹlẹ́yin ti pàdánù ìyá tòun tẹyin.

Ẹja tí ó ti dàgbà nìkan ni ẹ lè yẹ̀ wò. Ọmọ ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ kò ní àmì tí ojú lásán lè rí, ẹni tí ó bá sì ní òun lè ya akọ inú wọn sọ́tọ̀ fún yín, owó yín ni ó ń wá. Ẹ fi àwọ̀n gbé ẹja náà, ẹ fi aṣọ ìnura tútù bo orí àti ojú rẹ̀ kí ó lè farabalẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún méjèèjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ tó dà á dojú dé lórí fóòmù tútù kí ikùn rẹ̀ lè wà lókè.

Abẹ́ ikùn, níbi tí lẹbẹ gígùn ìsàlẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ó bá jẹ́ akọ, ẹ ó rí ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó yọ gbọọrọ lẹ́yìn ihò ìgbẹ́, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ìrù. Ti abo kúrú, ó rí roboto, ojú rẹ̀ là ní òró, kò sì ní ṣóńṣó. Bí ẹyin bá ti gbó, ibẹ̀ a máa wú, a sì máa pọ́n.

Ikùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò, òun gan-an ni ó sì ń tanni jẹ jù, nítorí pé akọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó lè ní ikùn bí ti aboyún. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ kan ṣáájú. Ikùn tí ó bá ṣì tóbi lẹ́yìn náà, tí ó rọ̀, tí ó sì fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹyin ni ó wà níbẹ̀. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti àyà wá sí ìdí: bí ẹyin díẹ̀ bá jáde, tí ó dọ́gba ní títóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ, abo náà ti ṣetán. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ dá a padà sómi. Àwọ̀ ara, irùngbọ̀n àti bí orí ti tóbi tó kì í ṣe ẹ̀rí kankan.

Ìgbà òjò ni abo ẹlẹ́yin máa ń pọ̀ jù. Ẹ má ṣe tìtorí èyí lọ dẹ àwọ̀n sínú odò tí ó gba Igbó Ọ̀ṣun kọjá, nítorí pé èèwọ̀ ni ẹja pípa níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn olóko ẹja ni kí ẹ ti rà, kí akọ àti abo má sì wá láti inú adágún kan náà, kí ẹ má baà so ọmọ ìyá pọ̀.

Táǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kó akọ àti abo sí, kí ẹ sì dé e, torí àrọ̀ mọ̀ ọ́n fò. Kí ẹ tó gún abo ní abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ẹyin rẹ̀ ṣeé fún jáde, ẹ tún abẹ́ ikùn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.