Kọ̀ǹpútà tó dákẹ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíkó ìjábọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ jọ ní ilé iṣẹ́

Ilé iṣẹ́ tó ní olú ọ́fíìsì ní Dúgbẹ̀, Ìbàdàn, tó sì ní ẹ̀ka ní Challenge, Ìwó Road àti Òjòó, kò lè máa rán ènìyàn kiri láti lọ wo log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Windows ti ní ètò tó ń kó ìṣẹ̀lẹ̀ láti ara gbogbo wọn wá sórí server kan. Windows Event Forwarding ni wọ́n ń pè é, a kì í sì í ra á lọ́tọ̀. Ìwà kan ló ní tó ń tan ènìyàn jẹ: bó bá bàjẹ́, kì í pariwo. Kọ̀ǹpútà kan á kàn dákẹ́, ẹni tó ń wo server á sì rò pé àlàáfíà ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn àṣìṣe yìí ń já sí.

Ẹ má kọ nọ́ńbà IP síbi tó yẹ kí orúkọ wà

Nínú Group Policy, ibi tí a ti ń ṣètò gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ sí Computer Configuration, Policies, Administrative Templates, Windows Components, Event Forwarding, kí ẹ ṣí "Configure target Subscription Manager". Irú ìlà tí ẹ máa kọ síbẹ̀ nìyí:

Server=http://log01.ileise.local:5985/wsman/SubscriptionManager/WEC,Refresh=900

Ẹni tó bá fi 192.168.1.10 rọ́pò orúkọ server á dúró títí, kò ní rí nǹkan kan gbà, nítorí orúkọ ni Kerberos, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, fi ń mọ server. Ẹ kọ orúkọ náà ní kíkún, pẹ̀lú ti domain, ìyẹn àjọ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ àkóso kan. Ẹ má sì jẹ́ kí "http" dẹ́rù bà yín: nínú domain, Kerberos ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ náà kó tó gbéra. Laptop tí kò sí nínú domain ló nílò port 5986 àti certificate.

Lórí server, ẹ tẹ wecutil qc, kí ẹ sì ṣí port 5985 fún ohun tó ń wọlé. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́, WinRM, service tí ìṣẹ̀lẹ̀ ń gbà kọjá, gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Lórí Windows 10 àti 11, kì í sábà dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ fi Group Policy sọ ọ́ di Automatic.

Èyí tó ń mú ènìyàn jù lọ wá nìyí. Ìṣẹ̀lẹ̀ inú log Application ń dé, ti System ń dé, ṣùgbọ́n ti Security kò dé rárá. Àwọn kan á tú server palẹ̀, wọ́n á tún un tò, síbẹ̀ kò ní yí padà. NETWORK SERVICE, account kan tí Windows fúnra rẹ̀ ní, ni WinRM fi ń ṣiṣẹ́, kò sì ní àṣẹ láti ka Security. Ẹ fi NETWORK SERVICE sínú ẹgbẹ́ Event Log Readers lórí àwọn kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì pa wọ́n, kí ẹ tún wọn tàn. Bí ẹ kò bá tún wọn tàn, ẹ lè rò pé àtúnṣe náà kò ṣiṣẹ́.

Ẹ má bi kọ̀ǹpútà léèrè ohun tí kò kọ sílẹ̀

Server kò lè gba ohun tí kọ̀ǹpútà kò kọ. Bí audit, ètò tó ń pinnu ohun tí Security log máa kọ, kò bá sí ní títàn, ẹni tó gbìyànjú password ní ìgbà ogójì kò ní fi ipa kankan sílẹ̀. Ẹ tẹ auditpol /get /category:* lórí kọ̀ǹpútà kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ojú yín rí i pé Logon ń kọ Success àti Failure. Ẹ má sì po audit àtijọ́ mọ́ Advanced Audit Policy. Ọ̀kan ni kí ẹ mú.

Ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. 4740, èyí tó ń sọ pé wọ́n ti ti account òṣìṣẹ́ pa, domain controller, server tó ń ṣàkóso domain, ló ń kọ ọ́ fún account domain. Bí domain controller kò bá sí nínú subscription, ìyẹn ètò orí server tó ń sọ kọ̀ǹpútà tó máa ránṣẹ́ àti ìṣẹ̀lẹ̀ tó máa rán, ẹ ò ní rí i láéláé.

Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹni tó bá ní kí gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ máa wá kò ní ka ìkankan nínú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4625 fún password tó kùnà, 4740, 4720 fún account tuntun, 4732 fún ẹni tí wọ́n fi kún ẹgbẹ́ bíi Administrators, 7045 láti inú System fún service tuntun, àti 1102, tó túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti nu Security log. Lójú tiwa, 1102 ló yẹ kó kọ́kọ́ mú yín dìde lórí àga.

Ẹ ṣọ́ra fún 4688, tó ń kọ ètò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní kó máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ, password tí ẹnìkan tẹ̀ sínú ìlà náà á wọnú log. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ dín iye ènìyàn tó lè ṣí i kù.

Iná, bátìrì àti aago

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ pọ̀ ní àwọn ọ́fíìsì Ìbàdàn. Bí bátìrì CR2032 inú rẹ̀ bá ti kú, tí iná sì lọ, aago lè padà sí ọdún àtijọ́. Kerberos kì í sábà fara mọ́ ju ìṣẹ́jú 5 lọ, nítorí náà kọ̀ǹpútà náà lè má ráyè wọlé, kó sì dákẹ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà. Kò wọ́n.

Àṣìṣe tó fara pamọ́ ju ìyẹn lọ ni time zone. UTC, aago àgbáyé, ni Windows fi ń pa àkókò ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá wá pẹ̀lú time zone Amẹ́ríkà, tí ẹnìkan sì fi ọwọ́ yí aago títí tó fi bá ti ògiri mu, ojú aago á dára, ṣùgbọ́n UTC abẹ́ rẹ̀ á ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí yẹ̀. Àṣẹ rẹ̀ nìyí: tzutil /s "W. Central Africa Standard Time". Lẹ́yìn náà, ẹ fi w32tm /query /status wo ibi tó ti ń gba aago.

Log tó kéré jù

Security log máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 20 MB. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ka Òjòó bá já fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ á dúró dè é lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ bí àyè bá kún, tuntun á máa nu àtijọ́ kó tó di pé wọ́n rán an. Ẹ sọ ọ́ di 256 MB: wevtutil sl Security /ms:268435456. ForwardedEvents lórí server náà kì í ju 20 MB lọ níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba ti gbogbo ilé iṣẹ́. Ẹ fún un ní 1 GB ó kéré tán.

Fún ẹ̀ka tó ń lo dátà modem, má ṣe kánjú mú Minimize Bandwidth níbi tí subscription ti ń béèrè bí a ṣe máa ránṣẹ́. Wákàtí 6 ló fi ń kó ìṣẹ̀lẹ̀ jọ, wákàtí 6 náà ló sì fi ń sọ pé òun ṣì wà láàyè, nítorí náà ẹ máa pẹ́ kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti dákẹ́. Ẹ lo Normal, tó ń ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 15, kí ẹ ya 1102 àti 4740 sọ́tọ̀ sínú subscription kejì pẹ̀lú Minimize Latency, tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí dátà bá ṣì ń lọ jù, wecutil ss orúkọ-subscription /cf:Events á yọ àlàyé gígùn tó ń bá ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan rìn kúrò.

Ẹ dán an wò

Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ tẹ password tí kò tọ̀nà lórí kọ̀ǹpútà kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá wo bóyá 4625 dé ForwardedEvents. Bí kò bá dé, ẹ ṣí Eventlog-ForwardingPlugin/Operational lórí kọ̀ǹpútà náà: 104 ń sọ pé ó ti bá server sọ̀rọ̀, 100 ń sọ pé subscription ti wọlé, 105 ń sọ pé kò rí server bá sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tẹ wecutil gr orúkọ-subscription, kí ẹ fi orúkọ tó jáde wé àkójọ kọ̀ǹpútà inú domain. Èyí tó bá wà nínú domain tí kò sí nínú ohun tí wecutil kó jáde, tàbí tí heartbeat rẹ̀, àmì pé ó ṣì wà láàyè, ti pẹ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ fóònù sí ẹ̀ka rẹ̀.