Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣàtúnṣe sí Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ológun àti Àmì-Ẹ̀yẹ Yín ní Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá ti sìn nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, tí àmì-ẹ̀yẹ tó tọ́ sí yín kò sì sí nínú ìwé DD 214 yín (ìwé ìjáde kúrò nínú iṣẹ́ ológun), ẹ kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù SF 180 béèrè ẹ̀dà fáìlì yín lọ́wọ́ National Personnel Records Center, ibùdó tí ìjọba ń tọ́jú fáìlì àwọn tó ti sìn sí, ní St. Louis. Àṣìṣe tí fáìlì náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí kì í le. Ìwé DD 215 ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀mù DD 149 kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àtúnṣe àkọsílẹ̀ láàárín ọdún 3 tí ẹ ti rí àṣìṣe náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ lè gba ẹni tó pẹ́ láyè nítorí òdodo.

Ẹ̀rí ló ṣe pàtàkì jù. Iná tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó St. Louis yẹn lọ́dún 1973 jó fáìlì bíi mílíọ̀nù 16 sí 18, èyí tó mú kí ìyà àìṣẹ̀ jẹ ọ̀pọ̀ àgbà ọmọ ogun. Nítorí náà, ẹ wá ìwé ilé ìwòsàn, lẹ́tà àtijọ́, àti ìwé ìbúra ẹni tí ẹ jọ sìn, tí yóò sọ ọjọ́, ibi, àti ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, nítorí pé ìyìn lásán kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ tọ́jú ojúlówó sọ́wọ́.