"Step up to the plate": ẹ yé kọ àwo síbẹ̀

Ẹnì kan fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí aṣáájú kan sọ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ "step up to the plate", ohun tó kọ ni pé, "Àkókò ti tó kí àwọn ọ̀dọ́ súnmọ́ àwo." Mo kà á sókè fún màmá mi. Wọ́n ní, "Àwọn wo ló ń pín oúnjẹ?"

Màmá ò ṣì í gbọ́. Lédè wa, ẹni tó bá súnmọ́ àwo, oúnjẹ ló wá jẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan ìjọba, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jíjẹ. Ọ̀rọ̀ tó ń pe èèyàn síbi iṣẹ́ wá di èyí tó ń pè é wá jẹ owó ìlú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè pè é ní àṣìṣe kékeré.

Inú baseball, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Rọ́bà funfun pẹlẹbẹ kan ni "plate" yìí, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, ó fẹ̀ ní íǹṣì 17. Irin pẹlẹbẹ roboto ni tẹ́lẹ̀. Láti 1900 ló ti di onígun márùn-ún. Ẹni tí ó bá kàn á mú igi rẹ̀, á dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á lọ dá dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6 ló wà láàárín wọn. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kíkankíkan, kò sì sí ẹni tó lè bá a gbá a.

Ẹ má kọ "gun orí rẹ̀" pẹ̀lú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí, nínú ààyè tí wọ́n fi ìlà funfun fà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jáde pátápátá kúrò nínú ìlà náà tó sì gbá bọ́ọ̀lù, rẹfirí á ní kó kúrò.

Àwọn mìíràn máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí "yege". Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú eré náà, ẹni tó bá gbá a dáadáa ní ìgbà 3 nínú 10, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Dídìde láti gba iṣẹ́ ṣe ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, yálà ó yọrí tàbí kò yọrí. Kì í sì í ṣe "gbà pé òun jẹ̀bi". Ìyẹn tún yàtọ̀.

Ìjàkadì ni mo máa ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jà á sán bàǹtẹ́ mọ́dìí, á kúrò láàárín èrò, á dá dúró níwájú gbogbo ìlú. Mo pa àwo rẹ́, mo kọ ọ́ pé: "Àkókò ti tó kí àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sójú agbo." Mo tún kà á fún màmá.

Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n. Iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ gbé lé wọn lọ́wọ́?"